Eyín Inú Ife

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi kí ẹ tó bú mi. Irọ́ ni mo pa fún nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí ó ń wọn ìbòmú ẹ̀rọ oorun, èyí tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni nímú lóru, sí mi lójú, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ máa ń bọ́ eyín kí ẹ tó sùn?"

Bàbá arẹwà kan jókòó nítòsí, ó ń wò mí. Ni mo bá ní, "Bọ́ kẹ̀? Ìwọ, ṣé o máa ń bọ́ imú tìrẹ ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn bíi ti ọmọge. Àgbàyà ni mí!

Nǹkan tó gbé mi dé ilé ìwòsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Tí mo bá ti sùn, ọ̀fun mi a pa dé, èémí a dúró, màá wá ta jí bí ẹja tí wọ́n jù sórí ilẹ̀. Oorun tí n kò rí sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀sán ló ń wá mi wá. Lọ́jọ́ kan ó bá mi lórí àga, ọmọ-ọmọ mi sì wà lórí itan mi. Ìyá rẹ̀, àbígbẹ̀yìn mi, ló sáré di ọmọ náà mú lẹ́sẹ̀ kí ó tó forí sọlẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti sọ pé àfi kí ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ kí ìsinmi ìbímọ òun tó parí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun máa gbé ọmọ lọ fún àwọn tí wọ́n ń gbowó tọ́mọ. Èmi ìyá àgbà, kí àjèjì máa bá mi gbé ọmọ-ọmọ mi jó!

Ẹ̀rọ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti bọ́ eyín àtọwọ́dá mi sínú ife, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi a rọ̀ wọlé bí àpò òfìfo, afẹ́fẹ́ a máa gba ẹ̀gbẹ́ ìbòmú jáde, fììì, sínú ojú mi. Mo fún okùn rẹ̀ le títí imú mi fi bó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ mi rí ife náà.

"Màmá, ẹ ò sọ fún wọn?"

"Wọn ò bi mí dáadáa."

A padà lọ. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí, ó fún mi ní ìbòmú tó kéré, tó ń wọ ihò imú nìkan, ó sì fi ọ̀já gbá àgbọ̀n mi sókè kí ẹnu má baà là.

"Nọ́ọ̀sì, òkú ni wọ́n ń di àgbọ̀n fún o."

"Òkú kì í ráhùn, màmá."

Ẹ wá wo wàhálà! Ojú yọ, ikùn kó sí i. Afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà lókè gba ìsàlẹ̀ lọ. Mo só láàárọ̀ àná, ọmọ ọwọ́ ta gìrì. Mo tún bèèrè ohun èlò tí wọ́n ń fi sẹ́nu sùn, tó ń fa àgbọ̀n síwájú. Wọ́n ní ẹni tó ní eyín tirẹ̀ ló wà fún. "Ẹ ṣe sùúrù, a máa dín agbára ẹ̀rọ kù." Sùúrù! Mo ti ṣe sùúrù títí ọ̀rọ̀ mi fi sú sùúrù fúnra rẹ̀.

Lọ́la ni ìsinmi ọmọ mi parí. Mo na ọwọ́ sí ọmọ, mo ní ara mi ti fúyẹ́ díẹ̀. Kò gbé e fún mi. Ó gbé e mọ́ àyà, ó rọra jókòó tì mí.

"Màmá mi, tí mo bá jáde, tí oorun gbé yín lọ, tí ọmọ yìí ń yọ̀ bọ́ lórí itan yín, ṣé ẹ máa mọ̀?"