Ọkọ̀ Ìkẹyìn Láti Erékùṣù

Láti ìgbà tí Tuva ti kó wá sí Stockholm, kò tíì sí ẹni tó dúró bá a sọ̀rọ̀ ní títì. Ní ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù kékeré kan, ó sì sùn sórí àpáta tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹni ń lálàá, títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó dúró jẹ́ẹ́ ní èbúté, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà fẹ́ kọjá lọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọ̀dọ̀ ẹja lo fẹ́ sùn ni?" Ìyá àgbà kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló kígbe bẹ́ẹ̀. "Gbé pátákó orí òpó yẹn sókè! Báwo ni awakọ̀ ṣe fẹ́ mọ̀ pé o ń lọ?"

"Háà! Ẹ ṣé o, mà!"

Tuva gbé e sókè. Ọkọ̀ ńlá náà dín eré kù, ó sì rọra yí imú sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí òun nìkan ṣoṣo.