Ìka Ìfábẹ̀lá

Dúdú ti ki ológbò náà bọ inú páálí tán, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù síta, nígbà tí ìyá rẹ̀ yọ sí i lẹ́nu ọ̀nà.

“Níbo lò ń gbé Alága lọ?”

“Mo fẹ́ lọ wẹ̀ ẹ́ ni, Màmá.”

“Nínú páálí sọ́séèjì?”

Dúdú rọra ti ìrù náà wọlé, ó pa páálí dé, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá bí ẹni tó jí nǹkan.

Alága ni wọ́n ń pe ológbò náà nítorí pé bó bá ti jókòó sórí àga kan, onílé ló máa wá ibòmíì jókòó sí. Lẹ́yìn ikú bàbá Dúdú ló dé ilé wọn, Màmá ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí Dúdú ṣe ń fa ìfun ẹran bọ ẹnu ẹ̀rọ tí òun àti Màmá fi ń ṣe sọ́séèjì tà, ó gbọ́ lórí rédíò pé kòkòrò kan wà tí ojú lásán ò lè rí, tó máa ń wà nínú ìgbẹ́ ológbò. Wọ́n ní ó lè wọ ara èèyàn, kó lọ ba sínú ọpọlọ, àti pé àwọn onímọ̀ ń wò ó bóyá ó lọ́wọ́ nínú àrùn ìgbàgbé tó ń ṣe àwọn àgbàlagbà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sọ “bóyá” yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Etí Dúdú ò gbà á.

Ó ti tó ọdún kan tí Màmá ti ń pe Dúdú ní Pupa. Pupa ni àbúrò Màmá tó ti kú tipẹ́. Bí Màmá bá ti pè é bẹ́ẹ̀, Dúdú á ní, “Dúdú ni, Màmá,” á sì yíjú sí àwọn oníbàárà pé ìyá òun nìkan ló lè wo òun lójú kó pe òun ní pupa. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà á wọ yàrá ẹ̀yìn, á dúró síwájú firísà, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá da iyọ̀ sí ẹran lẹ́ẹ̀mejì, odindi iṣẹ́ ọjọ́ kan di dídànù. Màmá tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tọ́ọ-wò. Bó bá ti ki ìka bọ ẹran lílọ̀, tó fi kan ahọ́n, ọ̀rọ̀ iyọ̀ parí nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tún bá a jiyàn mọ́.

Ẹni tó ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù kì í wá a jìnnà.

“Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé,” ni Dúdú ń sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onígbàjámọ̀, tó máa ń gẹrun fún gbogbo àdúgbò.

“Kí ni ológbò yìí ṣe?” Bàbá bèèrè.

“Ó ń kó àìsàn ran èèyàn, Bàbá.”

“Àìsàn wo?”

“Ìgbàgbé. Òun ló ṣe Màmá báyìí.”

Bàbá wo ológbò, ológbò náà wò ó. “Gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kó wá ran èmi náà. Ohun tí mo fẹ́ gbàgbé láyé yìí pọ̀.”

Dúdú ò rẹ́rìn-ín. “Bí Màmá bá bi yín, ẹ ò rí i o.”

Màmá gbàgbé pé òun ti jẹun. Ó gbàgbé ọjọ́, ó gbàgbé bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀. Kò gbàgbé Alága. Ní àràárọ̀, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, á gbé abọ́ ẹran wẹ́wẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, á dúró tì í.

“Pupa, Alága dà?”

“Dúdú ni, Màmá. Ó ń bọ̀.”

“Kò tíì wẹ̀ tán ni?”

Ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ yẹn gún Dúdú lára. Ẹni tí kò rántí oúnjẹ àárọ̀ ló rántí irọ́ tí òun pa. Bó bá sì di ìrọ̀lẹ́ tí Màmá jókòó, ọwọ́ tó máa ń fi ra ológbò lára kò rí nǹkan kan ṣe. Ó wá ń tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, òwú kan lẹ́yìn òmíràn. Dúdú á rán an padà. Màmá á tún tú u.

Nígbà tó tó àkókò láti padà lọ rí dókítà, wọ́n jọ lọ. Obìnrin ni dókítà náà, kò tó Dúdú lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ débi pé èèyàn ní láti sún mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rédíò yẹn, Dúdú ti ní kí ó bá òun wá kòkòrò ológbò yẹn nínú ẹ̀jẹ̀ Màmá.

“Àyẹ̀wò ti jáde,” dókítà ní. “Kòkòrò náà ti wọ ara Màmá rí.”

Dúdú lu itan. “Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ológbò yẹn ni.”

“Kì í ṣe tuntun o. Ó ti pẹ́ lára wọn. Ó lè ṣáájú ológbò yín. Kí lẹ fi ń bọ́ ọ?”

“Ẹran wẹ́wẹ́ tó bá kù ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Láìsè?”

“Láìsè. Ṣé ológbò ní ìkòkò ni?”

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Kòkòrò yìí máa ń wà nínú ẹran tí iná ò kàn náà. Tó bá ṣe pé wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ológbò, òun ló yẹ kó pè yín lẹ́jọ́. Ẹ dákun, tẹ́ ẹ bá ń po ẹran sọ́séèjì, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé iyọ̀ tó?”

Kí Dúdú tó la ẹnu, Màmá ti na ìka ìfábẹ̀lá sókè, ó sì fi kan ahọ́n.

“A máa ń tọ́ ọ wò ni,” ó ní. “Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi. Ẹnu ni òṣùwọ̀n.”

Dúdú wo ìka ti òun náà. Láti ìgbà tí orí rẹ̀ ò tíì ga ju tábìlì lọ ló ti ń ki ìka yẹn bọ ẹran.

“Dókítà, ṣé ìyẹn ló wá ba ọpọlọ ìyá mi jẹ́?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ ò mọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé?”

“Àwọn tó kàwé jù mí lọ náà ò tíì mọ̀. Àwọn kan wò ó, wọ́n ní ó jọ pé ó lọ́wọ́ sí i. Àwọn mìíràn wò ó, wọn ò rí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ló ní in lára tó máa darúgbó kùjọ́kùjọ́ tí kò ní gbàgbé gbèsè tí ẹnikẹ́ni jẹ wọ́n. Tí mo bá ní mo mọ̀, irọ́ ni.”

Ìgbà yẹn ni Dúdú tó fọkàn tán an. Kò fẹ́ràn ẹni tó ń da ọ̀rọ̀ ńláńlá bo ohun tí kò mọ̀.

“Kí la máa wá ṣe?”

“Ẹ máa dín díẹ̀ nínú ẹran náà kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò. Ẹ máa fọwọ́ yín dáadáa. Ẹ má fún ológbò ní ẹran tútù mọ́, kí ẹ̀yin sì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí Màmá má fọwọ́ kàn án. Kò sídìí láti lé e nílé.”

Lójú ọ̀nà, Màmá di ọrùn ọwọ́ Dúdú mú. “Kí ni ọmọ yẹn sọ nípa mi?”

Dúdú wo ìka ìyá rẹ̀. Ó ti wọ́, ó ń dán, èékánná rẹ̀ ti gbó. Ìka yẹn ló fi oúnjẹ àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu. Ta ni yóò dúró láàárín títì kó máa ro ẹjọ́ mọ́ irú ìka bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀?

“Ó ní ká lọ mú Alága wálé.”

“Mo ti mọ̀ pé ó gbọ́n,” Màmá ní.

Wọ́n bá Alága lórí àga tí wọ́n ń gẹrun lé. Oníbàárà kan wà lórí ìdúró.

“Ẹ bá mi gbé e,” Bàbá Onígbàjámọ̀ ní. “Àga kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Ọkùnrin yìí ti ní kí n kúkú gẹ ti ológbò ná.”

Màmá gbé Alága mọ́ àyà, ó gbóòórùn ọrùn rẹ̀. “Ìwẹ̀ yìí mà pẹ́ o.”

Bàbá wo Dúdú, ó wo ilẹ̀. “Ara rẹ̀ dọ̀tí gan-an ni, Màmá.”

Lọ́jọ́ kejì, Dúdú gbé páànù kékeré kan sórí sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó lọ ẹran, ó da ata àti iyọ̀ sí i, ó pò ó. Rédíò ń sọ tirẹ̀. Dúdú ń ro bóyá kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí ìka rẹ̀ wọ inú ẹran, tó jáde, tó ń lọ sẹ́nu.

Ọwọ́ kan gbá a lọ́rùn ọwọ́.

Màmá ni, lórí àga rẹ̀, Alága lórí itan. “Dín in ná. Ṣé o ò gbọ́ ohun tí dókítà wí ni?”

Dúdú dúró, ìka rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ó wo ìyá rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti padà sí ẹ̀yìn etí ológbò tó ń họ.

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó dín ẹran bíńtín, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Màmá. Màmá di ojú, ó rọra jẹ ẹ́.

“Ó ku iyọ̀ díẹ̀, Pupa.”

Dúdú la ẹnu láti sọ èyí tó máa ń sọ. Ó pa á dé. Ó na ọwọ́ sí iyọ̀.

“Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé báyìí ti tó?”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ láti ibi tí mo jókòó sí?” Màmá ní. “Dín òmíràn ká tọ́ ọ wò.”