Ọba Tó Dọ̀bálẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Mo lá àlá kan lóru àná pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí, lórí ìtàgé gan-an, tí àwọn òǹwòran sì ń pàtẹ́wọ́ fún ìyá mi. Wọ́n sọ mí ní Hẹ́bátì. Kí n tó sunkún tán, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi, mo sì ti di òṣèré.

Ogójì ọdún ni mo fi ṣe òkú. Nínú eré o, nínú fíìmù o, èmi náà ni òkú. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn eṣinṣin ń bá ìyàwó mi kẹ́dùn. Lọ́jọ́ kan, ọ́fíìsì ọ̀gá wa léfòó wá bá mi lójú odò, tòun ti tábìlì àti fáìlì. Ọ̀gá yọrí lójú fèrèsé.

"Hẹ́bátì, ìwọ lọba lónìí. Ọ̀rọ̀ kan péré lo máa sọ fún ìránṣẹ́ rẹ: 'Kúnlẹ̀!' Bí o kò bá sọ ọ́, òkú lo máa ṣe títí ayé."

Inú mi dùn dẹ́yìn. Ogójì ọdún láìlanu! Mo dé adé. Adé ní orí mi ń rùn. Mo ní kó má bínú.

Wọ́n ṣí aṣọ ìtàgé, ìránṣẹ́ wọlé. Yéè! Òyìnbó arúgbó tó lè bí mi lọ́mọ ni, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó ń fọ̀pá rìn. Ta ni yóò ní kí irú bàbá yìí kúnlẹ̀ fóun? Wọn kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé.

"Sọ ọ́!" ni adé ń kígbe. "Ọba kì í dọ̀bálẹ̀!"

Mo ní, "Kò burú. Ìwọ dúró, èmi ń lọ sílẹ̀."

Adé dúró sófuurufú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá."

Ìbínú sọ ọ̀gá di ewúrẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ń ké pé, "Mèè! Òkú! Ẹ dá a padà sí òkú!" Ìwo rẹ̀ ku díẹ̀ kó kàn mí níhàá, ni bàbá náà bá fi ọ̀pá kàn mí léjìká.

Mo lajú. Mo ti já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo dojú bolẹ̀, ìyàwó mi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàbá rẹ̀ tí wọ́n wá kí wa láti Ìjẹ̀bú.

"Dìde, àna mi," ni bàbá wí, inú wọn dùn gan-an. "Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti dé, òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi dáadáa."