Omi Tán Nínú Ọkọ̀-Ilé Verna

Ẹnu ẹ̀rọ omi náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu itọ́ díẹ̀ sínú ìkòkò tí Verna fẹ́ fi se kọfí, ó sì dákẹ́. Verna yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Kò sí omi. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ kan lóde tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù láti lé omi jáde, inú sì bí i.

Ó ṣí fèrèsé gbàà. "Lyle! Ṣé mo ti kú ni, tí o fi ń pín ogún mi?"

Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo gbójú sókè níbi tó lóṣòó sí. Òtútù ti mú kí imú rẹ̀ pọ́n bí ata. "Màámi, ẹ má bínú. Òtútù tó ń bọ̀ lálẹ́ òní kì í ṣe eré rárá. Hítà yín ò ní lè bá a jà. Bí omi bá dì sínú páìpù yìí, gbogbo ẹ̀ ló máa bẹ́."

"Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

"Èmi ni mo ń bẹ̀ yín láti oṣù tó kọjá. Ẹ ò dá mi lóhùn."

Láti ìgbà tí Wendell ọkọ rẹ̀ ti kú, tí wọ́n ti ta ilé wọn, inú ọkọ̀-ilé yìí ni Verna ń gbé, lẹ́yìnkùlé Lyle. Ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó ń sè. Ní Saskatchewan, ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń gbé, kí yìnyín tó mu èèyàn dé orúnkún, gbogbo ẹni tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti fa omi inú ẹ̀ gbẹ, wọ́n ti gbé e pamọ́. Lyle àti ìyàwó rẹ̀ ti to yàrá kan sílẹ̀ dè é nínú ilé. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Verna kì í ṣe òkété.

"Màámi, ẹ bá mi ṣí ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná. Mo fẹ́ fún oògùn sínú páìpù, kí omi má baà dì níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó ń jáde ní àwọ̀ píǹkì, kẹ́ ẹ tì í, kẹ́ ẹ lọ sórí èkejì."

"Mi ò ṣí nǹkan kan."

"Ẹ jẹ́ kí n wọlé, kí n ṣí i fúnra mi."

Verna ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. "Wá fọ́ ọ. Ṣebí o ti dọkùnrin!"

Ó jókòó, ó káwọ́ gbera. Lóde, ẹ̀rọ náà dákẹ́. Nígbà tí Lyle sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò dẹ̀ mọ́.

"Ó dáa. Kó bẹ́. Bí ooru bá dé, tí omi ń dà sílẹ̀ níbi gbogbo, ẹ ò ní ríbi padà sí. Kẹ́ ẹ má sọ pé èmi ni o."

Padà. Ó ti rò pé bí òun bá wọ ilé wọn, òun ò ní padà sínú ọkọ̀ mọ́; kò sẹ́ni tó ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí. Inú bí i sí i pé wọn ò tètè sọ ọ́. Ó dìde, ó gbá ẹnu ẹ̀rọ náà ṣí. "Ó yá! Àbí o ti sùn lọ ni?"

Píǹkì dà. Ó tì í. Ó kọjá sí balùwẹ̀, ó ń pariwo, "Ó ti dé! Má fún un mọ́! Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ kíṣẹ́ báyìí?" títí tí omi inú ọkọ̀ fi tán pátápátá.

Ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó gbá ìrọ̀rí rẹ̀ máyà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti pinnu pé òun ò ní wo ojú Lyle. Ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí kì í gbà, kó má baà pàdé ẹ̀.

Abẹ́ fèrèsé ibùsùn rẹ̀ ló dúró sí. Yìnyín ibẹ̀ ti di ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ó le bíi sìmẹ́ńtì. Bàtà ńlá kan ló tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà tóóró kan lọ tààrà sí ilẹ̀kùn ilé Lyle. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti ń rò pé nígbà tí òun bá ń wúkọ́ lóru, ṣe ni Lyle àti ìyàwó rẹ̀ ń hanrun lọ́hùn-ún; kò mọ̀ pé ẹnìkan ń wá dúró síbí láti tẹ́tí sí òun.

Lyle yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó rí ibi tí ìyá rẹ̀ ń wò, ó bojú wo okùn páìpù ọwọ́ rẹ̀, ó ń ká a.

"Kí lò ń wò?" ni Verna wí.

"Mi ò wo nǹkan kan, Màámi."

Verna gba ọ̀nà tóóró náà, nítorí yìnyín ibẹ̀ kò gbé ẹsẹ̀ mì. Ìbínú ṣì wà láyà rẹ̀ digbí. Ẹni tí yóò bínú sí ni kò mọ̀ mọ́.