Báyọ̀dé Ní Kí Kọ̀ǹpútà Má Béèrè Mọ́

Ká sòótọ́, Báyọ̀dé mọṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Ọ̀gá Charles, ní ẹ̀yìn ráńdábáọ̀tì Ìkòtún, òun ló ń tún àwòrán ṣe, òun náà ló ń tọ́jú wọn. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíì sinmi nítorí rẹ̀.

Ohun tó fi ń yangàn jù ni àṣẹ kan tó kọ fún kọ̀ǹpútà, ìlà bíi mélòó kan péré. Bí wọ́n bá ti fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ di àwòrán oníbàárà kọ̀ọ̀kan pọ̀ bí ẹni ń di ẹrù, á kó wọn sínú háàdì díráìfù ńlá tó wà lórí tábìlì, á sì pa ti inú ara rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè wà fún iṣẹ́ ọjọ́ kejì. "Ẹ̀yin ṣì ń fọwọ́ kó nǹkan," ló máa ń sọ fún àwọn onífọ́tò àdúgbò. Wọ́n á gbọ́, wọ́n á mirí.

Níbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà a máa dúró bi í léèrè nígbà mìíràn: orúkọ báyìí ti wà nínú díráìfù tẹ́lẹ̀, ṣé kí òun kó tuntun lé e lórí? Ìbéèrè yẹn ń bí Báyọ̀dé nínú, torí pé Ọ̀gá á ti fẹ́ pa jẹnẹrétọ̀. Ló bá fi lẹ́tà kan kún àṣẹ náà, tó túmọ̀ sí pé má bi mí, máa kó o lọ. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà ò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ó fi ìyẹn náà yangàn.

Bẹ́ẹ̀, orúkọ wo ló fi ń pa wọ́n mọ́? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í bi ìyá ọlọ́mọ léèrè orúkọ àbísọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń pè é ládùúgbò lo máa pè é, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Báyọ̀dé ń kọ ọ́: Àlàájà Ìgandò, Ìyá Hope, Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì mélòó ló wà láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá? Ta ló fẹ́ kà wọ́n?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tó fi híjáàbù dúdú borí wọlé. Báyọ̀dé dá a mọ̀. Ìyá Ìbejì ni, tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá ya fọ́tò ọjọ́ ìbí wọn, tí kò sì padà wá gbà á. Ó kí i, ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ fi gbàgbé wa.

"Ara ọmọ ni ò yá," obìnrin náà dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Kẹ́hìndé ti lọ. Ọ̀sẹ̀ tá a ya fọ́tò yẹn náà ni ibà dé. Mi ò lè fojú kan fọ́tò náà látìgbà yẹn. Fóònù mi tí fọ́tò ẹ̀ yòókù wà nínú ẹ̀ sì ti bọ́ sómi. Ṣùgbọ́n Táíwò ti ń gbàgbé ojú ẹ̀. Ó bi mí lánàá pé ṣé àwọn jọra. Ìyẹn ni mo ṣe wá."

Ojú ti Báyọ̀dé nítorí ẹ̀fẹ̀ tó ṣe. Ó ní kó jókòó, kó fọkàn balẹ̀, àwòrán kì í sọnù lọ́wọ́ òun. Ó ṣí díráìfù, ó tẹ Ìyá Ìbejì, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

Ọmọ jòjòló méjì ló yọ, wọ́n dé fìlà funfun, ìyá wọn gbé wọn lé ẹsẹ̀. Obìnrin náà wò wọ́n títí.

"Ọmọ ta nìwọ̀nyí?" ló béèrè. "Àwọn tèmi kọ́."

Ẹnikẹ́ni ò ní láti ṣàlàyé fún Báyọ̀dé. Ìyá Ìbejì kan láti Akówọ́njọ̀ ló ya fọ́tò lóṣù tó kọjá. Tuntun ti gun orí ti àtijọ́, káàdì kámẹ́rà sì ti gba iṣẹ́ ẹlòmíì láìmọye ìgbà. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kò sí ohun tóun ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà ti yé Ọ̀gá Charles níbi tó jókòó sí. Kò jẹ́ kí Báyọ̀dé lanu. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Fáírọ́ọ̀sì ni. Ó wọ kọ̀ǹpútà wa, ó sì ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́. Àwa nìkan kọ́ ló ṣe, jàre."

Báyọ̀dé mọ̀ pé irọ́ ni. Ó gbọ́ ọ, ó sì mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin náà ò pariwo. Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó ní kò sẹ́ni tó lè bá kádàrá jà, kí Ọlọ́run dá ohun tí àwọn náà pàdánù padà fún wọn. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Báyọ̀dé. "Má ronú, àbúrò mi," ó ní. "Ìwọ kọ́ lo fà á." Ó jáde.

Ìyẹn ló pa Báyọ̀dé. Tó bá ṣe pé ó bú u ni, ì bá rí ara gbà á sí. Àdúrà yẹn ta á lójú bí ata. Ìtìjú bò ó débi pé kò lè wo kọ̀ǹpútà tó ti fi ń yangàn. Ọ̀gá ń sọ pé kó fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ lé obìnrin náà.

Ó bá a níbi tó ti ń wọ kẹ̀kẹ́ Ìgandò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́bàá títì, aṣọ iṣẹ́ lára, gbogbo èèyàn ń wò ó.

"Mà, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Èmi ni. Orúkọ tiyín àti ti oníbàárà mìíràn bára mu, mo kó tiẹ̀ lé tiyín lórí. Kọ̀ǹpútà máa ń bi mí kó tó ṣe é tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ní kó má bi mí mọ́, torí mò ń kánjú àtilọ sílé."

Obìnrin náà sọ ẹsẹ̀ tó ti gbé sínú kẹ̀kẹ́ kalẹ̀.

"Orúkọ wa bára mu?" ó ní. "Kí lorúkọ mi?"

Orúkọ tí Báyọ̀dé mọ̀ ò ju Ìyá Ìbejì lọ.

"Fàdìlàt ni," obìnrin náà sọ. "O ò kúkú bi èmi náà." Ó wọ kẹ̀kẹ́, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.