Àforíjì Garba

"Àlàó, forí jì mí kí a tó gbéra," Garba wí, ó sì na ọwọ́ sí i.

Àlàó wo ọwọ́ náà, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó dúró létí ọ̀nà mí kanlẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn òyìnbó oníṣòwò ti kó eré mọ́tò dé Ìlọrin, kò sí dírẹ́bà tí í gbéra láìtọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí yóò bá sá eré, ẹni náà a sì dáhùn pé, "Mo forí jì ọ́, kí Ọlọ́run forí jì wá." Ta ló mọ ẹni tí yóò padà délé?

Kí ni Garba ṣe tí Àlàó kò fi forí jì í? Níbi eré ti èṣí, ní kọ́nà odò Asà, nígbà tí Àlàó fẹ́ ya Garba sílẹ̀, Garba fi mọ́tò gbá tirẹ̀ sínú kòtò. Ìbráhímù, àbúrò Àlàó tó jókòó tì í, kú lójú ẹsẹ̀. Garba wá sọ káàkiri ìlú pé ọtí ni Àlàó mu. Ọtí! Ọmọ Hàlímọ̀tù, ọmọ ilé kéú! Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ kò gba omi mímu lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àlàó ti búra pé Garba yóò jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Wọ́n ju àsíá sílẹ̀, eruku sọ. Garba ló wà níwájú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, nítorí ẹni tí a kò forí jì, ẹ̀yìn ni í máa wò. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì. Ní kọ́nà odò Asà, ó tún wẹ̀yìn, mọ́tò rẹ̀ sì gbókìtì wọ inú koríko.

Àlàó tẹ bíréèkì. Inú rẹ̀ dùn, irọ́ kò sí ńbẹ̀. Ó bá Garba nílẹ̀, egungun itan rẹ̀ ti ṣẹ́.

"Àlàó, gbà mí! Forí jì mí, nítorí Ànábì!"

"Ta ló mu ọtí?"

Garba bú sẹ́kún. "Kò sẹ́ni tó mu ọtí. Èmi ni mo gbá yín."

"Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi kọ́ ló yẹ kí o sọ ọ́ fún."

Ó gbé e sínú mọ́tò ara rẹ̀, ó sì yí padà sí ìgboro. Àwọn tó ń dúró de ẹni tí yóò borí pariwo bí ó ti ń kọjá, kò wojú wọn. Ní oríta, ọ̀tún ni ọ̀nà ọsibítù. Òsì ni Àlàó yà sí.

"Ọsibítù ńkọ́? Ẹsẹ̀ mi, Àlàó!"

"Ọsibítù ò ní sá lọ. Ilé ìyá mi la kọ́kọ́ ń lọ."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé wọn, ó fun fèrè mọ́tò. Hàlímọ̀tù jáde, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nígbà tó rí ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ padà wọlé.

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró. Mo gbé àlejò wá fún yín."

Àlàó pa ẹ́ńjìnnì kí gbogbo agboolé lè gbọ́ dáadáa. Ó wá yíjú sí Garba.

"Ó yá. Tọrọ àforíjì rẹ."