Ẹ̀yìn Kirénì

Fìríìjì náà ti kúrò nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn awakọ̀ ẹrù náà dún kọ̀ọ́, bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń já ẹrù sáré di fìríìjì mú kó má baà wó lù ú.

Kirénì, bí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè, ni wọ́n ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń wa ọkọ̀, tó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ já ohun tó bá kó, torí ẹrù tí ọkùnrin méjì ń gbé, òun nìkan a gbé e. Kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá. Ọ̀gá ní kí wọ́n ṣì máa fọwọ́ gbé ẹrù ná.

Nílé ìwòsàn, dókítà gbé fọ́tò eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo mọ́."

"Fún ọ̀sẹ̀ mélòó?"

Dókítà gbé fọ́tò náà kalẹ̀. "Mi ò dárúkọ ọ̀sẹ̀, sà."

Kì í ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Kirénì ló ń gbé e láti orí ibùsùn dé orí àga, láti orí àga dé balùwẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Gbogbo ọmọ wọn ti wà nílé ọkọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ló ń sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń di ògiri mú lọ sílé. Ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan.

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nígbà tó wọlé. "Bàbá wọn, ó ku ẹrù kan o! Àbí ẹ ò ní já èyí ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ itan rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Kò tíì gbé e kúrò lórí àga tí orúnkún rẹ̀ fi kanlẹ̀ gbì.

"Ẹ̀yin! Kí ló ṣe yín?"

"Ìyá wọn, mi ò lè gbé ọ mọ́."

Obìnrin náà fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ pa á lórí. Ó ní, "Ẹ pe aránṣọ wá."

Aránṣọ ilé kejì wá. Obìnrin tó lágbára ni, ó sì ní sùúrù; ó rọra gbé e bí ẹni gbé ẹyin. Kò síbi tó kù sí.

Kirénì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ìdí ẹ̀yìn. Bí aránṣọ ṣe ń gbé ìyàwó rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, ìyàwó náà yí orí sí ògiri, ó sì di ojú méjèèjì pinpin.

Fún ọdún mẹ́ta gbáko tí Kirénì fi gbé e, kò dijú rí. Ojú ọkọ rẹ̀ ló máa ń wò.